Ẹ Kọ́ Wọn Láti Gbọ́ Ẹjọ́ Kí Wọ́n Tó Rò Ó: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Alábòójútó Ẹ̀kọ́ Òfin

Sí Alága àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà,
àti sí àwọn olórí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Òfin ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ òfin,

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá síwájú yín, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ dópin. Ọdún márùn-ún ni ọmọ tó ti ilé ẹ̀kọ́ girama wọ yunifásítì ń lò nídìí ẹ̀kọ́ òfin. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Direct Entry wọlé ń lo mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn, Law School ṣì ń dúró dè é, ìbáà jẹ́ ní Bwari, ní Victoria Island l'Ékòó, ní Yola tàbí ní Yenagoa. Nínú gbogbo ọdún yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jókòó ṣojúkojú rí pẹ̀lú ẹni tí ọ̀ràn dé bá, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí wọ́n sì ṣàlàyé ohun tí òfin lè ṣe fún un àti èyí tí kò lè ṣe. Ohun tí a fi ń wò ó bóyá wọ́n lè ṣiṣẹ́ agbẹjọ́rò ni mútù kóòtù, ìyẹn ìgbẹ́jọ́ àfidánrawò tí wọ́n ti ń wọ aṣọ dúdú, tí wọ́n ń tẹríba fún adájọ́, tí wọ́n sì ń ta ko àwíjàre ara wọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. N kò ní kí a kó mútù kóòtù dànù. Ó ń lé ẹ̀rù lọ, ó sì ń kọ́ni bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀. Àmọ́ ìtàn ẹjọ́ ti wà nílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé ibẹ̀. Nínú Jessup, ìdíje òfin àgbáyé tí àwọn yunifásítì ń dù, orílẹ̀-èdè méjèèjì tó ń ṣẹjọ́ ti fẹnu kò lórí ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Kò sí oníbàárà kan ní Nàìjíríà tó ń gbé ìtàn tó ti tò bẹ́ẹ̀ wá sí ọ́fíìsì lọ́yà. Ohun tí mo wá sọ ni pé ẹjọ́ rírò àti ìtọ́jú oníbàárà kì í ṣe iṣẹ́ méjì. Ibi tí a ti ń gbọ́ ẹjọ́ ni a ti ń jàre tàbí jẹ̀bi, ẹ̀kọ́ tí kò bá sì kọ́ ọmọ láti gbọ́, àbọ̀ ẹ̀kọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ òfin pín sí. Sọ̀lísítọ̀ ló ń jókòó ti oníbàárà, tó ń gbọ́ ẹjọ́, tó ń kọ ìwé àdéhùn, tó ń tọ́jú owó. Bárísítà ló ń dúró rojọ́ níwájú adájọ́, ọwọ́ sọ̀lísítọ̀ ló sì ti sábà máa ń gba ẹjọ́ náà. Láti ayé Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n gbà sí ẹgbẹ́ bárísítà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1879, tó sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di agbẹjọ́rò, títí di ìgbà òmìnira, ọ̀dọ̀ àwọn bárísítà Ìlú Ọba ni ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò wa ti kọ́ṣẹ́. Bí wọ́n bá sì ti padà sílé, iṣẹ́ méjèèjì ni wọ́n ń ṣe pọ̀, torí pé nílẹ̀ wa, ẹnìkan náà ni bárísítà àti sọ̀lísítọ̀. Àlàfo yìí hàn sí ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1959 lábẹ́ E. I. G. Unsworth, tó jẹ́ Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀ nígbà náà. Àwọn tó ń ti Ìlú Ọba bọ̀ kò kọ́ òfin ilẹ̀ àti òfin ìbílẹ̀ wa, wọn kò sì kọ́ iṣẹ́ sọ̀lísítọ̀ tí wọ́n fẹ́ wá máa ṣe. Inú àbọ̀ ìwádìí yẹn ni Òfin Ètò Ẹ̀kọ́ Òfin ti 1962 ti jáde, òfin yẹn ló sì dá Ìgbìmọ̀ yín sílẹ̀. Kí oníbàárà má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ṣùgbọ́n tí kò mọ̀ bí a ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ wà lára ìdí tí Ìgbìmọ̀ yín fi wà láyé. Kì í ṣe àṣà àjèjì ni mo ní kí ẹ kó wọlé. Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá yín sílẹ̀ ni mo ń rán yín létí.

Láti 2004 ni ọ̀rọ̀ yìí tún ti le sí i. Ọdún yẹn ni ìlànà tuntun ti Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ọ́ di dandan kí agbẹjọ́rò kọ ẹ̀rí ẹlẹ́rìí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí búra sí i, kí wọ́n sì fi í pọ̀ mọ́ ìwé ìpẹjọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀lé e. Ìyẹn ni pé ohun tí ẹlẹ́rìí yóò sọ ní kóòtù, ọ́fíìsì lọ́yà ló ti ń sọ ọ́ tán. Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan ń ta aṣọ n'Íbàdàn, ó sanwó ọjà fún ẹnìkan, kò rí ọjà, kò rí owó. Yorùbá ló fi rojọ́ fún lọ́yà, lọ́yà sì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó bá dúró sínú àpótí ẹlẹ́rìí, kò ní rojọ́ mọ́. Kìkì pé òun ló fọwọ́ síwèé náà, pé òun sì gbà á bí ẹ̀rí òun, ni wọ́n ń fẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́gán ni agbẹjọ́rò ẹ̀gbẹ́ kejì yóò dìde: “Ìyá, ẹ kọ ọ́ síbí pé oṣù Kẹta lẹ kówó náà fún un. Ṣé oṣù Kẹta ni?” Ìyá yóò ní, “Rárá o, lẹ́yìn Iléyá ni.” “Ẹ kọ ọ́ síbí pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀.” “Èmi àti ọmọ mi obìnrin ni.” Òtítọ́ ni ìyá yìí ń sọ. Lọ́yà rẹ̀ ló gbọ́ “nígbà tí ọjà ń tà” tó fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ kọ oṣù Kẹta, tí kò sì bi í ta ló tún wà níbẹ̀. Adájọ́ kò ní mọ̀ pé lọ́yà ló kánjú. Yóò rò pé ìyá ló ń parọ́. Kò sí ẹnu dídùn kan lẹ́yìn ìgbà náà tó lè kó ọ̀rọ̀ yẹn jọ mọ́. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé tilẹ̀ ti sọ pé ẹni tó bá bá wọn kọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, kó sì fi hàn pé òun kà á, òun sì túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni náà kó tó fọwọ́ sí i. Ẹ wo iye akẹ́kọ̀ọ́ tó lè há gbólóhùn yìí sórí fún ìdánwò, kí ẹ wá wo iye tó ti jókòó rí kí wọ́n túmọ̀ ìwé olójú ewé mẹ́fà fún àgbàlagbà kan ní Yorùbá tó yé e.

Gbígbọ́ ẹjọ́ ní ọgbọ́n tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì kọ́ ọ kò lè dédé mọ̀ ọ́n. Oníbàárà kì í bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ láti ibi tí òfin ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìbínú ni yóò kọ́kọ́ sọ, tàbí èébú tí wọ́n bú u, ohun tó máa dá ẹjọ́ sì lè wà nínú ọ̀rọ̀ tó sọ kọjá láìkà á sí. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ogún yẹ̀ wò. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó ti Èkó dé iwájú ilé ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, bàbá tó kú fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń jà lé lórí ni bóyá ìdí igi, ìyẹn ní iye ìyàwó, ni a ó fi pín ogún náà tàbí orí òjorí, ìyẹn ní iye ọmọ. Ìdí igi ló borí. Bí ọmọ kan bá wá sọ́dọ̀ lọ́yà lónìí pé àwọn ẹ̀gbọ́n òun gba ilé bàbá àwọn, lọ́yà tí kò bá mọ̀ pé ó yẹ kí òun bi í iye ìyàwó bàbá, ọmọ tí oníkálukú wọn bí, bóyá bàbá ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti kóòtù, bóyá ó kọ ìwé ìhágún, kò tíì gbọ́ ẹjọ́ rárá. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ìbéèrè tí a ń bi ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá rẹ̀ bí ẹni ń kọ fọ́ọ̀mù. A gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí a ó bi í, bí a ó ti bi í, àti ìgbà tí a ó dákẹ́.

Ohun mìíràn tún wà tí ìwé tí wọ́n kọ nílẹ̀ òkèèrè kò lè kọ́ ọmọ wa. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ọ̀ràn dé bá kì í sábà dá wá. Bàbá tó mú un wá ni yóò kí lọ́yà, òun ni yóò sọ ohun tó gbé wọn wá, òun náà ni yóò máa dáhùn ìbéèrè tí a bá bi obìnrin tó jókòó tì í. Ìfẹ́ ni, ètò ẹbí sì ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín rẹ̀. Síbẹ̀, Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ní abala 192, bo àṣírí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín oníbàárà àti agbẹjọ́rò rẹ̀, ẹni kẹta tó bá sì jókòó síbẹ̀ lè fa àríyànjiyàn lórí àṣírí yẹn. Nígbà mìíràn pàápàá, bàbá yẹn gan-an ni ọ̀ràn náà kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti kọ́ bí a ṣe ń wí pé, “Ẹ ṣeun tí ẹ mú wọn wá, sà. Ìlànà iṣẹ́ wa ni pé kí n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu wọn láwọn nìkan, n ó pè yín wọlé láìpẹ́,” láìjẹ́ pé bàbá bínú lọ, tó sì tún mú obìnrin náà lọ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ jíjẹ́ kí oníbàárà mọ bí ẹjọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ. Ìlànà Ìwà Iṣẹ́ àwọn Agbẹjọ́rò, láti ti 2007, ti sọ ọ́ di dandan kí agbẹjọ́rò máa bá oníbàárà jíròrò lórí ohun tó bá rú u lójú, kó máa sọ ibi tí ẹjọ́ dé fún un, kó kìlọ̀ ewu tó wà níwájú fún un, kó sì tètè dá a lóhùn bó bá béèrè ọ̀rọ̀. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Àmọ́ ẹ bi àwọn aráàlú léèrè ohun tó ń dùn wọ́n jù lọ́dọ̀ lọ́yà: pé lọ́yà kì í gbé fóònù ni, pé wọ́n ń sún ẹjọ́ síwájú tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún wọn, pé ọ̀nà ni wọ́n ti gbọ́ pé ẹjọ́ ti parí. Wọn kì í sọ pé lọ́yà kò mọ òfin.

Ẹlòmíràn lè rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ lásán ni mò ń wàásù rẹ̀. Rárá. Ẹ wo ohun tí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ. Nínú ẹjọ́ Okafor àti Nweke ní 2007, wọ́n wọ́gi lé ìwé tí wọ́n gbé wá síwájú wọn torí pé orúkọ ilé iṣẹ́ lọ́yà ni wọ́n fi buwọ́ lù ú dípò orúkọ agbẹjọ́rò tó wà nínú ìwé orúkọ àwọn agbẹjọ́rò. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson ní 2012, lórí ìdìbò gómìnà Bayelsa, wọn kò gba ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé kò sí ohun tí abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí, èyí tó dá lórí ẹ̀rí tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde, béèrè lẹ́yìn rẹ̀. Agbẹjọ́rò kàn fà á kalẹ̀ láti ibi tó dúró sí ni, láìpe ẹlẹ́rìí kankan. Kì í ṣe ìjìnlẹ̀ òfin tó fara sin ni wọ́n fi pàdánù nínú méjèèjì. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, èyí tó yẹ kó ti mọ́ni lára. Lónìí tí gbogbo àdéhùn ń ṣẹlẹ̀ lórí WhatsApp, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo oníbàárà ló ń na fóònù sí lọ́yà pé, “Ó wà níbí, gbogbo ohun tó sọ ló wà níbí.” Akẹ́kọ̀ọ́ wa lè kọ ojú ìwé mẹ́rin lórí abala 84, kó sì gba máàkì tó jọjú. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ láti sọ fún oníbàárà náà lójú ẹsẹ̀ pé kó má pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́, kó má ta fóònù náà, kó sì rántí ẹ̀rọ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ àti ẹni tó tẹ̀ ẹ́? Bí agbẹjọ́rò bá ṣe irú àṣìṣe báyìí, kì í ṣe òun ló ń pàdánù ilẹ̀ tàbí owó.

Ẹ tún jẹ́ ká dé àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí ibẹ̀ ni àìní yìí ti ń ṣe ìpalára jù. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 35, fún ẹni tí wọ́n bá mú ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tó yàn sọ̀rọ̀, ó sì ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó yé e. Òfin ìdájọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ tó jáde ní 2015 sọ pé wọ́n lè gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu afurasí níwájú agbẹjọ́rò tó yàn, tàbí òṣìṣẹ́ Legal Aid Council (àjọ ìrànwọ́ òfin ti ìjọba), tàbí ẹlòmíràn tó bá fẹ́. Ó tún kà á léèwọ̀ kí wọ́n mú ènìyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tó bàjẹ́. Òfin wọ̀nyí dára. Síbẹ̀, ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n Nàìjíríà tó jẹ́ pé wọn kò tíì dá wọn lẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò rí ẹnikẹ́ni tó jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ka. Ẹ̀tọ́ tó wà nínú ìwé kò lè jáde wá fúnra rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó sì lè sọ ọ́ ní èdè tó yé ìyá ọmọ tí wọ́n mú, ló ń mú un jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún kẹrin tàbí karùn-ún lè ṣe ìyẹn, bí a bá kọ́ ọ, tí olùkọ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo mọ àwọn àtakò tí ẹ lè gbé dìde, ó sì yẹ kí n dá wọn lóhùn. Èkíní ni pé iṣẹ́ Law School nìyí, yunifásítì ló ni ìmọ̀ ìwé. Mo gbà pé Law School ti ṣiṣẹ́ takuntakun: láti 2008 ni wọ́n ti yí ọ̀nà ìkọ́ni wọn padà, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó ní ẹgbẹẹgbẹ́ láti jíròrò, tí wọ́n sì ń rán wọn lọ sí kóòtù àti ọ́fíìsì lọ́yà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wọ ibẹ̀ lọ́dọọdún, ọdún kan péré ni wọ́n sì ń lò. Ní kóòtù tí wọ́n rán wọn lọ, wíwò ni wọ́n ń wò. Ní ọ́fíìsì lọ́yà, ọ̀pọ̀ ń gbé fáìlì. Ìwà tí a fẹ́ kó mọ́ ènìyàn lára kò ṣe é fi sí oṣù tó gbẹ̀yìn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ti kó iṣẹ́ yìí wá pàápàá ti yí padà: nínú ìdánwò SQE tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2021 fún ẹni tó bá fẹ́ di sọ̀lísítọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ jókòó gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu ẹni tó ń ṣe bí oníbàárà, ẹni tó ṣe bí oníbàárà yẹn gan-an ló sì ń fún un ní máàkì lórí bó ṣe ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò tó ń fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni gboyè láìṣe irú ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe báyìí dé ìwọ̀n tí wọ́n là kalẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò dúró de ọjọ́ tí ọmọ yóò bá oníbàárà gidi pàdé kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Èkejì ni pé òfin kò gbà kí ẹni tí kò tíì di agbẹjọ́rò ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò, àti pé kò yẹ kí a fi tálákà kọ́ṣẹ́. Apá kìíní rí bẹ́ẹ̀, n kò sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró níwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà ṣáájú kóòtù pọ̀ jaburata. Ẹ wo kóòtù gbèsè kékeré tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2018. Gbèsè tí kò ju ₦5,000,000 lọ ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, olówó gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà béèrè owó rẹ̀ kó tó gbé ẹjọ́ wá, wọ́n fẹ́ kí ẹjọ́ parí láàárín ọjọ́ 60, olówó àti onígbèsè sì lè rojọ́ fúnra wọn láìgba lọ́yà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ran alájàpá lọ́wọ́ láti kọ lẹ́tà yẹn, láti kó rìsíìtì rẹ̀ jọ, láti mọ ohun tí adájọ́ yóò bi í, kò rú òfin kankan, bí olùkọ́ tó jẹ́ agbẹjọ́rò bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ti fífi tálákà kọ́ṣẹ́, ọ̀rọ̀ ńlá ni, ojú kékeré kọ́ ni mo fi ń wò ó. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì n'Íbàdàn, ń dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn kí wọ́n tó gboyè, àgbà dókítà wà lẹ́yìn wọn, aláìsàn sì mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí oníbàárà mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni, tó sì gbà, tí ìmọ̀ràn kankan kò jáde láìjẹ́ pé olùkọ́ fọwọ́ sí i, kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Ní báyìí, nígbà tí wọ́n bá ti gba ìwé àṣẹ tán ni wọ́n ń wá fi tálákà kọ́ṣẹ́, láìsí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn wọn, oníbàárà kò sì mọ̀. Èyí ló yẹ kó máa dà wá láàmú.

Ẹ̀kẹta ni owó àti èrò. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, olùkọ́ kò tó, ìjọba kì í fún yunifásítì lówó tó tó. Òtítọ́ ni, n kò ní bò ó. Ṣùgbọ́n a kò bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Láti 2003 ni àjọ NULAI ti ń gbé kílíníìkì òfin, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbọ́ ẹjọ́ aráàlú lábẹ́ àbójútó olùkọ́, kalẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá-Àkókó sì wà lára mẹ́rin tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ní kílíníìkì òfin tó wà fún àwọn obìnrin. Òfin Ìrànwọ́ Òfin ti 2011 fúnra rẹ̀ dárúkọ kílíníìkì òfin mọ́ àwọn tí Legal Aid Council lè bá ṣiṣẹ́. Ohun tó kù ni pé ibi púpọ̀ ló ti jẹ́ pé ìwọ̀nba akẹ́kọ̀ọ́ tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i ló ń lọ síbẹ̀, kò ní máàkì, olùkọ́ kan tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ló sì gbé e dúró. Bó bá ti lọ, ilẹ̀kùn tì. Yàrá kan, tábìlì, kọ́ńbọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́, ìwé tí a ń kọ orúkọ àlejò sí, àti àgbà lọ́yà ìlú tó lè wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti ẹ̀ka ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò (NBA) tó wà nítòsí: èyí kò kọjá agbára yunifásítì tó ń kọ́ gbọ̀ngàn mútù kóòtù aláràbarà kó lè rí ìfọwọ́sí yín gbà. Ibi tí oníbàárà gidi kò bá kárí gbogbo wọn, a lè fi àfidánrawò dí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka eré oníṣe ń bẹ lọ́gbà kan náà.

Àtakò kan ṣì kù, pé bí a bá fi àkókò sí èyí, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ yóò dínkù. N kò gbà. Ọmọ tó ti jókòó ti opó kan lórí ọ̀rọ̀ ilé ọkọ rẹ̀ yóò padà sídìí ìwé òfin ogún pẹ̀lú ìbéèrè tí olùkọ́ kankan kò lè fi sí i lórí.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ìlànà tuntun tí NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, fi lọ́lẹ̀, èyí tí àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2023, ti fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí yunifásítì fúnra rẹ̀ pinnu ohun tí yóò fi sí i. Ẹ fi èyí sí i. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ dandan, kó sì ní máàkì: kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ẹjọ́ ní Yorùbá lẹ́nu ẹni tó ń ṣe bí oníbàárà, kó kọ ẹ̀rí rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, kó kà á, kó sì túmọ̀ rẹ̀ padà fún un; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn fi ìwé yẹn gan-an bi ẹlẹ́rìí náà ní ìbéèrè níwájú gbogbo kíláàsì. Bí ohun tó kọ bá tú palẹ̀ lójú rẹ̀, yóò mọ ohun tí gbígbọ́ jẹ́. Ẹ̀yin Ìgbìmọ̀, nígbà tí ẹ bá tún lọ ṣàyẹ̀wò yunifásítì kan láti mọ̀ bóyá ó yẹ kí ẹ fún un láṣẹ àti iye akẹ́kọ̀ọ́ tó lè gbà, ẹ má ṣe ka ìwé tó wà ní láíbìrì àti iye ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan. Ẹ ní kí wọ́n mú ìwé orúkọ àlejò kílíníìkì wọn wá, kí wọ́n bo orúkọ oníbàárà, kí ẹ rí ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́, ẹni tó gbọ́ ọ, olùkọ́ tó fọwọ́ sí i, àti ohun tí wọ́n ṣe sí i. Yunifásítì tí kò bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ fún un ní ọdún méjì. Bí kò bá sì ní i lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ dín iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbà kù. Òfin ti fún yín lágbára láti ṣe é. Ẹ dákun, ẹ lò ó.